Katapílà Orí Kéèkì

Kì í ṣe òdòdó ni Ìrètíolú ní òun fẹ́,
kì í ṣe ọmọ ọba tó wọ aṣọ aláràbarà.
Katapílà ni.
Ọ̀la ni yóò pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì ti pàṣẹ:
kí bàlúùnù jẹ́ àwọ̀ ìyeyè,
kí àwọn ọ̀rẹ́ òun dé akoto wá,
ẹni tí kò bá ní akoto, kó dé igbá.

Ìyá Ọlátẹ́jú tó ń ṣe kéèkì ní Ìjọ̀kà
wo àwòrán tí mo fi hàn án, ó mí kanlẹ̀:
"Ti orí rẹ̀ yẹn, owó ọ̀tọ̀ ni o."
Mo ka owó ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ó lè bímọ.
Mo ní, "Ẹ bá mi ṣe ìsàlẹ̀,
èmi ó wá orí fún un."

Bí mo ṣe jókòó lóru Òkè-Àrò nìyẹn,
iná ti lọ, mo fi àgbọ̀n há tọ́ọ̀ṣì fóònù mọ́ àyà,
àlùmọ́gàjí tó mọ aṣọ ń bá páálí bàtà jà.
Páálí ìṣáná méjì di ẹ́ńjìnnì.
Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́jọ, mo fi rọ́bà táyà wé wọn,
ó di ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀.
Àjákù aṣọ oníbàárà mi kan ni mo fi bo gbogbo rẹ̀;
Ọlọ́run má jẹ́ kó béèrè.
Ọwọ́ tí yóò máa bu yẹ̀pẹ̀ ńkọ́?
Mo rí ṣíbí oògùn ikọ́ tí ọmọ náà máa ń sá fún.
Gọ́ọ̀mù lẹ ìka mi méjì pọ̀ bí ìbejì.
Mo ya wọ́n. Awọ bá a lọ.

Bàbá rẹ̀ pè láti Òkìtìpupa.
Ibẹ̀ ni wọ́n rán òun àti katapílà gidi lọ:
òkìtì ni lóòótọ́, ó sì pupa,
ó ti ń wó o láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀.
Ó ní ọ̀gá kò fún òun láyè, òun ò ní lè wálé.
Mi ò fèsì. Mo ya fọ́tò iṣẹ́ mi, mo fi ránṣẹ́.
Ó dákẹ́ títí, mo rò pé káàdì ti tán.
"Apá yẹn," ó wí, "kò rí bẹ́ẹ̀.
Ó ní ìgúnpá. Bí kò bá ká, kò lè bu nǹkan kan.
Fi abẹ́rẹ́ sí oríkèé rẹ̀."
Aago kan òru, ọkọ mi ń kọ́ mi ní egungun irin:
gé e kúrú sí i; yí i síwájú;
rárá, síwájú tìrẹ;
jẹ́ kó tẹrí ba díẹ̀, bí adìyẹ tó fẹ́ mumi.
Nígbà tí ṣíbí bu ṣúgà, tó sì gbé e sókè, mo bú sẹ́rìn-ín.
Òun náà rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀yìn náà la wá rántí pé ìjà la wà láti ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀kadà ni kéèkì gùn dé, ó fẹ̀gbẹ́ kan rọ̀.
Mo gún bisikíìtì mọ́ lúbúlúbú kòkó, ó di ilẹ̀,
mo gbé katapílà lé e.
Ìrètíolú yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni tó ń wo ààlà ilẹ̀.
Ó bẹjú wo ibi ìjókòó dẹ́rẹ́bà.
"Ta ló ń wà á?"

Ní gbogbo òru yẹn,
èmi àti ẹni tó ń fi katapílà jẹun,
a ò rántí ẹni tí yóò jókòó.

Kí n tó dáhùn, ó ti ṣa hóró ẹ̀pà kan nínú àwo àlejò,
ó fi bíró ya ojú méjì sí i, ó gbé e jókòó.
Kò dárúkọ. Èmi náà ò béèrè.
Àwọn alákoto àti onígbá ń pariwo kéèkì,
mo mú ọ̀bẹ, ó na ọwọ́ méjèèjì:
"Ẹ gé e láti ẹ̀yìn!
Iṣẹ́ ń lọ níwájú."

Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, ègé kan ṣoṣo ló kù,
katapílà lórí rẹ̀, ẹ̀pà nídìí ọkọ̀.
Èèrà ti dé síbi iṣẹ́.
Wọ́n tò, wọ́n ń ru yẹ̀pẹ̀.